Ẹ̀rọ Ńlá Inú Yàrá Ọ̀gá

Ẹ̀rọ náà máa ń hó bí ìkòkò omi tí a gbé kaná. Bí ènìyàn bá ti ń gun àtẹ̀gùn ọ́fíìsì wa ní Òkè-Àfá bọ̀, kí ó tó rí ẹnikẹ́ni, ariwo yẹn ni yóò kọ́kọ́ kí i káàbọ̀. Mo rántí ariwo náà ju bí mo ṣe rántí ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn tí mo ti bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà náà wá. Ọ́fíìsì wa kò tóbi. Yàrá ìta kan wà tí èmi àti àǹtí akọ̀wé ń jókòó sí, yàrá inú kan sì wà tí ó jẹ́ ti ọ̀gá, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ńlá náà wà lábẹ́ fèrèsé. Àwọn tó ń ta ọ̀dà ló wà nísàlẹ̀ wa, òórùn ọ̀dà náà sì ti wọ aṣọ wa lára débi pé bí mo bá délé nírọ̀lẹ́, ìyá mi á sọ pé, "Akunlé ti dé."

Ọmọ Èkìtì ni ọ̀gá, ẹnjiníà tó ti bá ìjọba ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tí à ń ṣe ni pé a máa ń yẹ ilé wò kí wọ́n tó kọ́ ọ. Sọ́fúwia kan wà tó máa ń kọ́ ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, tó máa ń di ẹrù lé e, tó máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ lù ú, tó sì máa ń fi ibi tí yóò ti tẹ̀ hàn wá kí ó tó tẹ̀ lójú ayé. Ìṣirò inú rẹ̀ wúwo ju ohun tí láptọ̀ọ̀pù lè gbé lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ra ẹ̀rọ ńlá yẹn, tí àwa ń pè ní sáfà. Sáfà ló ń ṣe ìṣirò, láptọ̀ọ̀pù kàn ń béèrè ni, ó sì ń dúró gba èsì. Ọ̀rọ̀ wọn dà bí ilé ìdáná àti tábìlì oúnjẹ. Ẹni tó jókòó sí tábìlì kò ní láti mọ bí iná ṣe ń jó nínú ilé ìdáná, kí ọ̀nà tó wà láàárín àwọn méjèèjì sáà ti ṣí. Iṣẹ́ tèmi ni kí ọ̀nà yẹn wà ní ṣíṣí.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ni, mo sì gbà pé kò sí ọ̀nà tí mi ò lè ṣí. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè iṣẹ́ tí mò ń ṣe, ẹni náà á kábàámọ̀ ìbéèrè rẹ̀, nítorí n kì í tètè dákẹ́. Mo lọ sí ọjà Aswani ní ọjọ́ Túsìdeé kan, mo ra ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ búlúù, torí mo rò pé ẹni tó ń tọ́jú sáfà yẹ kó jọ ẹni tó ń tọ́jú sáfà. Àwọn àgbà sọ pé bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nígbà náà, èmi ò tíì mọ ohun tí ènìyàn ń fi àkísà ṣe.

Àǹtí akọ̀wé ju ìyá mi lọ lọ́jọ́ orí, ṣùgbọ́n bí mo bá ṣèèṣì pè wọ́n ní màmá, wọ́n á bi mí bóyá àwọn ló bí mi. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n. Láti ilé-iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ti ń bá ọ̀gá ṣiṣẹ́ bọ̀, ọwọ́ wọn sì ni gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà. Wọn kì í pariwo, wọn kì í pẹ́ dé ibi iṣẹ́, kò sì sí ohun tó jẹ́ ti ọ̀gá tí ẹnikẹ́ni lè fọwọ́ kàn láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀ sí i. Mo bẹ̀rù wọn ju ọ̀gá fúnra wọn lọ.

Lẹ́yìn ọdún Àjíǹde kan ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọ lu ìyàwó ọ̀gá, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Màmá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, obìnrin tí mo gbọ́ pé ohùn rẹ̀ máa ń dé ìgboro láti inú kíláàsì. Apá ọ̀tún wọn kò lágbára mọ́, ọ̀rọ̀ sì kúrò lẹ́nu wọn pátápátá. Dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ padà, ó sì ṣeé ṣe kó má padà, pé kí ará ilé ṣáà máa bá wọn sọ̀rọ̀, kí ilé má dákẹ́. Èyí tó wá le jù ni pé Màmá kò gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni àfi ọkọ wọn. Àbúrò wọn wá láti Adó, Màmá pa ẹnu dé. Obìnrin aládùúgbò tí wọ́n jọ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì gbé ọbẹ̀ wá, Màmá yí ojú sí ògiri. Ọ̀gá á kúrò ní Òkè-Àfá lọ́sàn-án, nígbà tí èmi náà bá jáde lọ jẹun, wọ́n á wakọ̀ lọ sí Àìlégùn láti fún ìyàwó wọn lóúnjẹ, wọ́n á tún padà wá, bí wọ́n bá sì délé nírọ̀lẹ́, wọ́n á bá a pé Màmá kò mu kódà omi láti ìgbà tí wọ́n ti jáde. Ara ọ̀gá ń rù, ara Màmá náà sì ń rù.

Ó wá kù kí wọ́n yan ọ̀kan nínú méjì, yálà kí wọ́n máa ti ilé ṣiṣẹ́, tàbí kí wọ́n ti ọ́fíìsì pa. Iṣẹ́ ńlá kan sì wà nílẹ̀. Ilé ìwé kan ní Ìsọlọ̀ fẹ́ kọ́ gbọ̀ngàn sórí kíláàsì wọn, wọ́n sì fẹ́ mọ̀ kí ìsinmi tó parí bóyá ilé ìsàlẹ̀ lè gbé e. Ìṣirò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé ṣe láìsí sáfà. Ọ̀gá pè mí wọlé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan.

"Ọ̀nà tí o là láti yàrá mi yìí dé orí tábìlì rẹ," ni wọ́n wí, "ṣé o lè là á dé Àìlégùn?"

"Ó rọrùn, sà."

N kò tilẹ̀ mí kí n tó dáhùn. Ọ̀gá wò mí díẹ̀, wọ́n sì sọ pé ó dára.

Lóòótọ́, kò yẹ kó le. Ènìyàn lè la ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ gba orí íńtánẹ́ẹ̀tì, láti ilé kan dé òmíràn, kí láptọ̀ọ̀pù tó wà ní Àìlégùn máa bá sáfà tó wà ní Òkè-Àfá sọ̀rọ̀ bí ẹni pé wọ́n wà nínú yàrá kan náà. Láptọ̀ọ̀pù ní láti mọ àdírẹ́sì sáfà, kó mọ ilẹ̀kùn tí yóò kàn, kó sì mọ ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò sọ kí wọ́n tó ṣí i fún un. Mo ṣe gbogbo rẹ̀ ní ọ́fíìsì. Mo jókòó sí yàrá ìta pẹ̀lú láptọ̀ọ̀pù ọ̀gá, mo lo íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù mi kó lè dà bí ẹni pé ọ̀nà jìn ni mo wà, mo sì kàn sí sáfà. Ó dáhùn lójú ẹsẹ̀. Ọ̀gá yọjú láti yàrá wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín, a sì jọ wọ mọ́tò wọn lọ sí Àìlégùn.

Màmá wà nínú àga ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé pálọ̀, ìrọ̀rí lábẹ́ apá wọn. Mo dọ̀bálẹ̀ kí wọn, wọ́n sì fi ojú dá mi lóhùn. Mo gbé láptọ̀ọ̀pù sórí tábìlì oúnjẹ, mo tẹ ohun tó yẹ kí n tẹ̀, mo sì dúró. Kò sí èsì. Mo tún un ṣe, kò sí èsì. Mo pe àǹtí akọ̀wé lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé iná wà lọ́hùn-ún?"

"Iná wà dáadáa. Fáànù ló ń fẹ́ sí mi lórí yìí."

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ iná nìyẹn. Mo sọ fún ọ̀gá pé ó máa jẹ́ ohun kékeré kan ní ọ́fíìsì, pé kí a jọ lọ wò ó láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí àwọn ló ní ọ̀rọ̀ àṣírí tó ń ṣí sáfà, wọn kì í sì í sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí a débẹ̀, ẹ̀rọ ń hó bí ó ti máa ń hó. Mo kàn sí i láti yàrá ìta, ó dáhùn wàràwàrà, bí ẹni tí orí kò fọ́ rí. A padà sí Àìlégùn, ó di odi.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí nìyẹn lójoojúmọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé àdírẹ́sì sáfà ló ń yí padà. Àwọn ilé kan wà ní àdúgbò ọ̀gá tí nọ́ńbà méjì wà lára ògiri wọn, ti àtijọ́ àti tuntun, àlejò á sì máa rìn lọ rìn bọ̀ kó tó mọ èyí tí wọ́n ń pè é sí. Ohun kan náà lè ṣẹlẹ̀ sí sáfà bí iná bá lọ tó sì dé, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo so ó mọ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo títí láé, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá pẹ̀lú ayọ̀. Kò yí nǹkan kan padà. Mo wá di ẹ̀bi ru íńtánẹ́ẹ̀tì Àìlégùn. Mo gbé módẹ́ẹ̀mù sí ojú fèrèsé, mo gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi okùn so ó kọ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé. Ojú Màmá ń bá mi lọ síbi gbogbo tí mo bá gbé e sí, ó sì dà bíi pé mo rí ẹ̀rín níbẹ̀. Wọ́n ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá nìkan ni èmi rí.

Ohun tó yà gbogbo wa lẹ́nu ni pé bí ọ̀gá bá ti fẹsẹ̀ tẹ ọ́fíìsì, kò sí ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ náà. Àǹtí akọ̀wé sọ pé ó mọ ọ̀gá rẹ̀ ni, bí ajá ṣe ń mọ ẹni tó ni ín. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí ní òwúrọ̀ kan, wọ́n gbàdúrà fún un, àdúrà gígùn tó kan àwa àti àwọn tó ń ta ọ̀dà nísàlẹ̀. Èmi tí mo gbé ìwé ẹ̀rí yunifásítì sínú àpótí nílé náà di ojú mi pinpin, mo sì ṣe àmín. Kò sí ohun mìíràn tí mo tún mọ̀ tí mo lè ṣe.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí ọ̀gá ti fún Màmá lóúnjẹ tán, wọ́n pè mí jáde sí ìta.

"O ti gbìyànjú," ni wọ́n wí. "Lọ́la ni n ó pe àwọn onílé ìwé yẹn kí n dá iṣẹ́ wọn padà fún wọn. N ó sì ti ọ́fíìsì náà pa."

"Sà, ẹ fún mi láàyè díẹ̀ sí i."

"Ààyè wo? Mi ò lè jókòó sí Òkè-Àfá kí ebi máa pa ìyàwó mi ní Àìlégùn. Bí mo bá ń lọ lójoojúmọ́ báyìí, n ó padà wálé lọ́jọ́ kan, n kò ní bá a. Iṣẹ́ ò tó bẹ́ẹ̀."

Wọn kò bínú rárá, èyí ló sì dùn mí jù. Ojú tì mí, àánú wọn ṣe mí, inú mi sì bàjẹ́ nítorí mo mọ̀ pé ọkùnrin yìí fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀, pé ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù fún un lẹ́yìn ìyàwó rẹ̀ nìyẹn. Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá padà sí Òkè-Àfá láti lọ kó ẹrù mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo lọ sí ọ́fíìsì láìsí ọ̀gá láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo ìgbà yòókù, bí mo bá ti wà níbẹ̀, àwọn ló gbé mi wá, bí wọ́n bá sì ń lọ, a jọ ń lọ ni.

Mo ń gun àtẹ̀gùn, òórùn ọ̀dà ń kí mi, mo sì rò pé etí mi ló di. N kò gbọ́ nǹkan kan. Mo dúró, mo tẹ́tí, mo sì sáré gòkè. Àǹtí akọ̀wé jókòó sí tábìlì wọn, wọ́n ń jẹ ẹ̀pà, wọ́n ń ka Bíbélì.

"Àǹtí, kí ló dé tí ẹ̀rọ dákẹ́?"

"Ọ̀gá ò sí níbẹ̀ kẹ̀."

Wọ́n sọ ọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń sọ pé ọ̀sán ti pọ́n. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣí yàrá inú fún mi. Òkùnkùn ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti fa kọ́tìnnì, wọ́n ti to tábìlì ọ̀gá, wọ́n ti yọ gbogbo wáyà lára ògiri, wọ́n sì ti fi aṣọ funfun mímọ́ kan bo sáfà kí eruku má baà bà á.

"Ẹ̀yin lẹ pa á?"

"Ta ni ì bá tún pa á? Bí ọ̀gá bá ti jáde, n ó palẹ̀ yàrá wọn mọ́, n ó pa gbogbo iná, n ó tì í. Bí mo ṣe ń ṣe é láti ilé-iṣẹ́ ìjọba nìyẹn. Bí mo bá gbọ́ mọ́tò wọn nísàlẹ̀, n ó tún yára tan gbogbo rẹ̀."

"Àǹtí, ẹ̀rọ yẹn là ń wá láti Àìlégùn láti ọjọ́ yìí."

Wọ́n wo ẹ̀rọ náà, wọ́n wò mí, wọ́n sì jókòó. Wọ́n ní kò sí ẹni tó sọ fún àwọn. Òótọ́ sì ni. Mo ti ṣàlàyé sáfà fún ìyá mi, fún àwọn tó ń ta ọ̀dà, fún àwọn tí n kò mọ̀ rí tí a jọ dúró de mọ́tò ní Òṣòdì, ṣùgbọ́n kò wá sí mi lọ́kàn láti sọ fún obìnrin tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ náà ń ṣiṣẹ́ bí kò tilẹ̀ sí ẹnikẹ́ni níwájú rẹ̀. Lójú tiwọn, bíi tẹlifíṣọ̀n ni. Bí ẹni tó ń wò ó bá ti dìde, a máa ń pa á ni.

Mo tẹ̀ síwájú láti ki wáyà bọ ògiri. Wọ́n dìde, wọ́n dúró níwájú mi.

"Má tàn án."

"Àǹtí, ọ̀gá ló nílò rẹ̀."

"Mo gbọ́. Ní ilé bàbá mi, yàrá ẹni tó ti kú nìkan la máa ń tan iná sí nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Ọ̀gá wà láàyè. Àìsàn ti wà nílé wọn tẹ́lẹ̀. Èmi ò ní fi ọwọ́ ara mi tan iná òkú fún wọn."

Omi wà lójú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ni mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ pé n ó rẹ́rìn-ín nínú ara mi, n ó sì rò pé ohun tí mo kọ́ ní yunifásítì ju ti ilé bàbá wọn lọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà, mo rí i pé láti ìgbà tí Màmá ti ń ṣàìsàn, obìnrin yìí ti ń fi ọwọ́ rẹ̀ ṣọ́ ẹ̀mí ọ̀gá, láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Mo pe ọ̀gá, mo sì ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

Mo ń retí kí ọ̀gá rẹ́rìn-ín tàbí kí wọ́n bínú. Wọ́n ní kí n fún àǹtí ní fóònù, ohùn wọn sì ròkè tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń gbọ́.

"Ẹ ṣé gan-an ni. Ẹ ti ń ṣọ́ mi, èmi ò mọ̀. Ẹ jẹ́ kó tan iná náà. Ṣùgbọ́n kó fi tábìlì tirẹ̀ sílẹ̀, kó wá máa jókòó sí àga mi láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kí yàrá má ṣófo. Bí ẹ bá ń ti ọ́fíìsì nírọ̀lẹ́, ẹ pa á. Ṣé ìyẹn tẹ́ yín lọ́rùn?"

Àǹtí akọ̀wé rò ó wò dáadáa. N kò rí ẹni tó ro ọ̀rọ̀ wò tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, sà. Bí ènìyàn bá ti jókòó síbẹ̀, kò sí wàhálà mọ́."

Àwọn fúnra wọn ló ká aṣọ funfun náà kúrò, tí wọ́n ṣí kọ́tìnnì. Mo ki wáyà bọ ògiri, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, mo sì jókòó sí àga ọ̀gá pẹ̀lú ẹ̀rù. Kò pẹ́ tí fóònù fi dún. "Ó ti dáhùn," ni ọ̀gá wí láti Àìlégùn. Wọ́n tún ní, "Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó," wọn kò sì parí rẹ̀, ẹ̀rín ló gbà á mọ́ wọn lẹ́nu.

Bí mo ṣe di ọ̀gá láìjẹ́ ọ̀gá nìyẹn. Àga náà fẹ̀ jù fún mi. Láràárọ̀ ni àǹtí akọ̀wé máa ń yọjú sí mi, tí wọ́n á kúnlẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n á ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé kí n gbé tíì yín wá?" Tíì náà kò dé rí. Bí mo bá sì fi aṣọ kọ́ ẹ̀yìn àga, wọ́n á wá ká a, wọ́n á gbé e lé mi lọ́wọ́. Ní Àìlégùn, ọ̀gá sún tábìlì oúnjẹ mọ́ àga Màmá. Wọ́n ń fi ọwọ́ kan fún ìyàwó wọn ní ẹ̀kọ, wọ́n ń fi ìkejì ṣiṣẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n bá sì ń ṣe ni wọ́n ń sọ fún Màmá, nítorí dókítà ní kí ilé má dákẹ́. A máa ń fi fóònù sílẹ̀ ní ṣíṣí nígbà tí sáfà bá ń ṣe ìṣirò, mo sì máa ń gbọ́ wọn. "Òpó nìyí. Wò ó, ẹrù tí a gbé lé e nìyí. Atẹ́gùn ń bọ̀ láti apá ibí." Èsì kankan kì í wá. Màmá ti ń jẹun dáadáa, ara wọn ti ń bọ̀ sípò, ṣùgbọ́n n kò tíì gbọ́ ohùn wọn rí.

Ọjọ́ tí ìṣirò gbọ̀ngàn ilé ìwé náà parí, èmi ni mo kọ́kọ́ rí èsì rẹ̀. Ilé ìsàlẹ̀ lè gbé e, kò sí ewu. Mo sọ fún ọ̀gá lórí fóònù, inú wọn dùn, wọ́n sì ṣí àwòrán rẹ̀ fún Màmá. Bí sọ́fúwia yẹn ṣe máa ń ṣe ni pé bí ilé bá tẹ̀ ní ìwọ̀n irun orí, yóò fi hàn bí ẹni pé ó tẹ̀ ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà, kí ojú lè rí i, yóò sì kun ibẹ̀ ní pupa. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé ilé náà ti fẹ́ dojú bolẹ̀. Mo ń dúró kí ọ̀gá sọ ohun tó kàn nígbà tí mo gbọ́ ohùn kan tí n kò mọ̀, ohùn tó wúwo, tó sì ń fà.

"Ó fẹ́ wó."

Mo rò pé àlejò ló dé. "Ta ló wà lọ́dọ̀ yín, sà?" ni mo béèrè. Mo gbọ́ tí àga ha ilẹ̀. Ohùn náà tún dé, ó sì le ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ohùn olùkọ́ tí ọmọ kan kò fetí sí.

"Ó fẹ́ wó. Ẹ wò ó. Níbí."

Ọ̀gá bú sẹ́kún. Mo gbé fóònù sórí tábìlì, mo pe àǹtí akọ̀wé, wọ́n sì wọlé wá dúró tì mí. A gbọ́ tí ọ̀gá ń sọ, pẹ̀lú omijé, pé, "Òótọ́ ni, ó fẹ́ wó. Kí ni ká ṣe sí i?" Ó pẹ́ kí èsì tó dé, bí ẹni tó ń wá nǹkan nísàlẹ̀ àpótí. "Ẹ fi òpó sí i." Àǹtí akọ̀wé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú yàrá ọ̀gá, lórí ilẹ̀ lásán, wọ́n sì ń sunkún jẹ́ẹ́jẹ́. Èmi náà sunkún, n kò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo sọ fún ọ̀gá, pẹ̀lú gbogbo ìmọ̀ mi, pé àwòrán yẹn kàn sọ ọ́ di ńlá ni, pé ìṣirò kò béèrè òpó kankan níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn mọ̀. Wọ́n ní kí n fi òpó sí i. Mo fi sí i, mo tún ìṣirò náà ṣe, mo sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Nígbà tí ẹni tó ni ilé ìwé wá gba iṣẹ́ rẹ̀ ní Àìlégùn, ó fi ìka kan òpó náà lórí ìwé, ó ní kí ni èyí wà fún. Ọ̀gá dá a lóhùn pé, "Ìyàwó mi ló ní kó wà níbẹ̀." Ọkùnrin náà wo Màmá nínú àga wọn, kò sì béèrè nǹkan mìíràn.

Ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ Màmá ló padà wá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Wọ́n lo ọdún díẹ̀ sí i, ọ̀gá sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn títí dé òpin, wọn kò padà sí àga Òkè-Àfá mọ́. Lẹ́yìn ìsìnkú Màmá ni ọ̀gá kó lọ sí Èkìtì. Èmi ṣì ń so láptọ̀ọ̀pù mọ́ sáfà fún àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ní àwọn ilé-iṣẹ́ tí sáfà ti wà nínú yàrá tútù tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó sí. Ohun tí mo kọ́kọ́ máa ń béèrè báyìí ni ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì máa ń lọ kí i kí n tó tú láptọ̀ọ̀pù mi.

Bí iṣẹ́ bá gbé mi gba Ìsọlọ̀, mo máa ń yà sí ilé ìwé yẹn. Wọ́n ti kọ́ gbọ̀ngàn náà tipẹ́, àwọn ọmọ sì máa ń fẹ̀yìn ti òpó yẹn nígbà ìsinmi ọ̀sán. Olùkọ́ kan rí mi lẹ́ẹ̀kan tí mo dúró tí mò ń wò ó, ó wá bá mi, ara rẹ̀ kò balẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o? Ṣé òpó yẹn lè gbé e?"

Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, pé ẹni tó ní kí wọ́n fi síbẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe.